Láti Orí Kọnkéré Mafolúkù Dé Pápá Òkè-Àfà

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo rí yín lórí pápá Òkè-Àfà nírọ̀lẹ́ àná. Ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ń bú ara yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó wolẹ̀ wo ohun tó ń tẹ̀. N kò bá yín wí. Ẹni tó bá ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í béèrè ẹni tó tẹ́ ẹ. Àmọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú yín sọ pé ìjọba ló fi pápá náà ta wá lọ́rẹ, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pè yín jókòó. Ìjọba kọ́ ló fi ta wá lọ́rẹ. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni màá sọ fún yín. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ, màá ní gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ. Ọjọ́ ti pẹ́, iyè àgbà a sì máa ṣì. Ibi tí nǹkan kò bá ti dá mi lójú, n kò ní fi pe òótọ́.

Mafolúkù tí ẹ mọ̀ lónìí, tí ilé ń fara gbún ilé, kì í ṣe òun la dàgbà sí. Nígbà náà, bí ènìyàn bá dúró lẹ́yìn ilé bàbá mi, igbó ṣúúrú ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn igbó náà ni ilẹ̀ kọnkéré kan wà tó nà lọ gbọọrọ. Àwọn àgbà ní àwọn sójà òyìnbó ló tẹ́ ẹ nígbà ogun àgbáyé kejì, fún ọkọ̀ òfurufú ogun. N kò bá wọn níbẹ̀. Bàbá kan ládùúgbò wa ní òun wà lára àwọn tó ru òkúta rẹ̀. Bàbá mìíràn ní irọ́ ni, pé ibi tí wọ́n kàn ń gbé ọkọ̀ sí ni, pé ibi tí ọkọ̀ ti ń fò gan-an wà lápá òkè lọ́hùn-ún. Wọ́n ń jiyàn náà títí ikú fi mú àwọn méjèèjì. Ohun tó dá mi lójú ni pé nígbà tí mo gbọ́njú, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bà síbẹ̀ mọ́. Koríko ti gba ojú àlàfo rẹ̀ yọ. Òrùka irin ńláńlá wà nínú àwọn kan lára kọnkéré náà, tí wọ́n ní òun ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ kí ìjì má baà gbé e. Ewúrẹ́ la bá lórí rẹ̀ ní tiwa.

Ilẹ̀ yẹn ni pápá wa. Ibẹ̀ la ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ la sì ti fi awọ orúnkún wa sílẹ̀. Tí ẹ̀yin bá ṣubú lórí koríko, ẹ ń yí gbiri, ẹ ń ké bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú lórí kọnkéré, ìró eegun rẹ̀ la ó gbọ́ ṣáájú ohùn rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ láti Ìsọlọ̀ àti Oṣòdì kì í fẹ́ wá bá wa gbá a nílé. Ọmọ Kọnkéré ni wọ́n ń pè wá, wọ́n sì fi ń bú wa ni. Àwa fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́.

Àwa nìkan kọ́ la ni ibẹ̀ o. Àwọn obìnrin tó ń ṣe láfún máa ń sá a sí ìpẹ̀kun kejì, nítorí pé kò síbi tí oòrùn ti ń mú tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní iyanrìn. Láfún á funfun lórí rẹ̀ báláú, òórùn rẹ̀ á gba inú imú wa, bọ́ọ̀lù á sì máa fò lọ sáàárín rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, eré parí nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù náà á yá ju ti ìgbà tó ń gbá góòlù lọ.

Ìgbà tí owó epo dé, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àná la ń náwó pọ́n-ùn, àfi bí a ṣe jí tí wọ́n ní náírà ni. Ṣáájú ìyẹn, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìyá mi kò jáde nílé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kú sọ́wọ́ ẹni tó gbàgbé. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé. Èmi ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà nígbà yẹn, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ: ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì wá kún orí òkun, wọn kò ráyè já a, síbẹ̀ àwa tá a wà lórí ilẹ̀ kò rí sìmẹ́ńtì rà. Ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ńlá sí Surúlérè. A kó ara wa jọ, a fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Búọ̀dá Ráṣídì, tó jẹ́ kápítéènì wa, tó sì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, bẹ̀rẹ̀ létí pápá náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ó ní, "Àwa náà máa gbá a lórí koríko." A rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn sọ́féyọ̀ tó ń wọnlẹ̀ dé sí Mafolúkù. Wọ́n ń kọ́ pápákọ̀ òfurufú tuntun, ilẹ̀ kọnkéré wa sì bọ́ sínú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ọgbà yí ká. Wọn kò bá wa jà, wọn kò sì bi wá léèrè. Lọ́sẹ̀ kan a gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀; lọ́sẹ̀ kejì, katapílà ti wà lórí rẹ̀, ó ń hú kọnkéré bí ẹni ń hú iṣu. Àwọn aláláfún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Búọ̀dá Ráṣídì kò ṣọ̀fọ̀. Ó kó wa lọ sí Òkè-Àfà, sọ́dọ̀ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí ẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí. Bàbá Olórí là ń pè wọ́n. Wọ́n jókòó lórí àga gbọọrọ, rédíò kékeré wà létí wọn, wọn kò pa á nígbà tí a dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n ní, "Pápá bọ́ọ̀lù? Èmi ni kí n yọ ilẹ̀ sílẹ̀ fún eré?"

Búọ̀dá Ráṣídì ní, "Bàbá, kì í ṣe eré lásán. Ìdíje tó ní rẹfirí ìjọba la fẹ́ wọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní pápá, wọn kì í gbà á wọlé."

"Ṣé ìjọba mọ̀ yín?"

"Wọ́n á mọ̀ wá, bàbá."

Bàbá Olórí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní ẹnì kan wà tó ti ń wá lójoojúmọ́, tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kọ́lé. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbọ́. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo níbẹ̀ tí rẹfirí ìjọba fọn fèrè sí kí Iléyá tó dé, mo yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún eré títí ayé. Bí Iléyá bá dé tí ẹ ò tíì gbá a, mo tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Kí ẹnikẹ́ni má wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ìtàn yìí.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lójoojúmọ́, tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, Òkè-Àfà yá. Kùkùté ọ̀pẹ ni, èèsún ni, omi ló dúró sápá kan. A gé, a jó, a gbẹ́ ojú àgbàrá. Ejò jáde lọ́jọ́ kan, kípà wa sáré kọjá Ìsọlọ̀ kó tó rántí wẹ̀yìn. Ìyá àwọn kan ní wọ́n ti fi ọmọ àwọn ṣe ẹrú láìgba owó, àmọ́ tí a bá délé, wọ́n á ti bu oúnjẹ dè wá.

Ibi wíwọn pápá la ti ṣàṣìṣe, àṣìṣe náà sì kàn mí. Kí katapílà tó hú kọnkéré wa tán, Búọ̀dá Ráṣídì ti ní kí á wọn ìbú àti òòró pápá àtijọ́, kí tuntun má baà yàtọ̀ sí èyí tí ẹsẹ̀ wa mọ̀. A kò ní téèpù. Ti fóòmàn mi ni mo mọ̀, kì í sì í jẹ́ kó kúrò lápò rẹ̀. A wá ní kí oníkálukú mú okùn kànga ilé wọn wá. A so wọ́n pọ̀, a ta kókó síbi tí pápá pin sí. Inú ọyẹ́ la ṣe èyí, okùn gbẹ táútáú. Àmọ́ ọjọ́ tí a mú okùn náà dé Òkè-Àfà, òjò ń rọ̀, a wọ́ ọ gba inú omi àti koríko tútù, ó rin gbindin. Okùn tó bá rin a máa sún kì. A kò rò ó. A fà á, a kan igi mọ́lẹ̀ níbi tó bá pin sí, a ri òpó góòlù.

Èmi fi ẹsẹ̀ ka pápá náà. Mo ti ka ti Mafolúkù rí láìmọye ìgbà, mo mọ iye ìgbésẹ̀ tó jẹ́. Tuntun yìí fi méje dín. Mo tún un kà, méje náà ni. Mo wo Búọ̀dá Ráṣídì, ó ń jó yí òpó góòlù ká. Ó jù mí lọ, ó ti rẹ gbogbo wa, mo sì sọ fún ara mi pé bóyá ẹsẹ̀ mi ló gùn sí i. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. N kò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù ni tàbí ọ̀wọ̀. Mo ṣáà dákẹ́.

Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó mú téèpù onírin dání; Ọ̀gá Téèpù la sọ ọ́. Ó wọn ìbú, ó mi orí pé òfin gbà á. Ó wọn òòró, ó dúró, ó tún un wọ̀n.

"Kápítéènì, pápá yín kúrú. Bí ìgbésẹ̀ méje ló kù kó tó ohun tí òfin wí."

Búọ̀dá Ráṣídì ní, "Ọ̀gá, kò lè kúrú! Okùn la fi wọ̀n ọ́n!"

"Okùn wo?"

"Okùn kànga, sà."

Ọ̀gá Téèpù wò ó, ó wo okùn, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rẹ́rìn-ín lójú wa. Ó ní òun á padà wá ní Sátidé méjì sígbà náà, pé òun kò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta, àti pé bí pápá bá pé, a ó gbá bọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn Sátidé yẹn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí á pa ẹran Iléyá.

Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún wọn pé mo ti mọ̀. Búọ̀dá Ráṣídì kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó ní, "O kà á, o sì dákẹ́?"

Ibo la ó ti rí ìgbésẹ̀ méje? Lẹ́yìn òpó góòlù kan, irà ni. Lẹ́yìn èkejì, oko ẹ̀gẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, obìnrin tí Bàbá Olórí fún ní ilẹ̀ dá oko. Bàbá Olórí ní, "Ilẹ̀ ni tèmi, ẹ̀gẹ́ ni tirẹ̀. N kò ní fa ohun tí obìnrin gbìn tu lójú rẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

Ó wá kù sí ọ̀ràn kan: Ìyá Bọ́sẹ̀ wà lára àwọn aláláfún ilẹ̀ kọnkéré. Bí a ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti nàró.

"Ráṣídì! Ìwọ kọ́ lo gbá bọ́ọ̀lù sínú láfún mi lọ́jọ́sí, tí o ní atẹ́gùn ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Atẹ́gùn fẹ́ lóòótọ́."

"Atẹ́gùn tó wọ bàtà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Búọ̀dá Ráṣídì náà rẹ́rìn-ín, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e. A rò fún wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ kọ́ ni ìṣòro mi, ó ti tó tu. Ibi tí mò ń sá láfún sí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo sá sórí ẹní, iyanrìn kún inú rẹ̀, ẹni tó rà á gbé e padà wá jù sílẹ̀ fún mi. Ẹ wá ibi tí màá sá láfún sí fún mi, tó le, tó mọ́ bíi tàtijọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa tu ẹ̀gẹ́ náà, ẹ ó bó o, ẹ ó rẹ ẹ́. Ọjọ́ tí mo bá sá láfún, ọjọ́ náà ni kí ẹ gba ilẹ̀."

Kọnkéré! Nígbà tí sìmẹ́ńtì ń wọ́n bí ojú! Lójú ọ̀nà, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Ẹnì kan ní kí á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ẹlòmíràn ní kí á lọ bẹ kọngílá, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́ pápákọ̀, fún sìmẹ́ńtì. Mo tún rí nǹkan kan lọ́kàn mi, mo tún fẹ́ dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní, "Búọ̀dá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

Mo ní kọnkéré àtijọ́ ni kí á lọ kó. Èyí tí katapílà hú, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni wọ́n kó o jọ sí, wọ́n fẹ́ fi dí kòtò. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Bí a bá tẹ́ iyanrìn, tí a tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a fi amọ̀ líle há àlàfo rẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì tí a fẹ́ rà. Búọ̀dá Ráṣídì wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ni ọ̀gá iṣẹ́ náà. Sọ ohun tí a máa ṣe."

Fóòmàn ibi iṣẹ́ pápákọ̀ náà ní kí á kó gbogbo rẹ̀ bí ó bá wù wá, pé a gba òun lọ́wọ́ wàhálà. A yá ọmọlanke méjì. Ẹ lọ wo bí Mafolúkù ṣe jìn sí Òkè-Àfà, kí ẹ wá fi kọnkéré kún un. Àwọn ará Ìsọlọ̀ jáde wò wá. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé pápákọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ jí gbé ni?" Kípà wa dá a lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Ẹsẹ̀ ọmọlanke kan ṣẹ́ lójú ọ̀nà, a fi ejìká gbé ẹrù rẹ̀ débi tó kù. Lójúmọ́ kejì, a tún padà lọ.

Èmi tò ó. Mo fi omi inú ìgò wo bó ṣe tẹ́jú sí, àwọn yòókù ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi. Búọ̀dá Ráṣídì tó ń jó irin pọ̀ láìbẹ̀rù iná fi ọ̀bẹ gé ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì ní ẹni tí kò lè bó ẹ̀gẹ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo tò ó tán, Ìyá Bọ́sẹ̀ bọ́ bàtà, wọ́n rìn ín dé ìpẹ̀kun. Wọ́n ní, "Apá ibí gbé sókè." Mo hú apá ibẹ̀, mo tún un tò. Wọ́n tún rìn ín. Wọ́n lọ gbé agbọ̀n láfún wá sá, lọ́jọ́ náà gan-an la sì sún òpó góòlù wọ inú oko.

Sátidé yẹn, Ọ̀gá Téèpù na téèpù rẹ̀, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí rẹfirí bọ́ sí pápá. Bàbá Olórí ti gbé àga wọn wá. Ọkùnrin tó fẹ́ kọ́lé náà wá, ó dúró lẹ́yìn wọn. Ẹgbẹ́ tó wá bá wa gbá a ti Ìkẹjà wá, wọ́n wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Àwa díẹ̀ wọ bàtà kambá, àwọn yòókù fi ẹsẹ̀ lásán gbá a.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí n sọ fún yín níbí. Ní Mafolúkù, tí bàálù bá ń kọjá lórí wa lọ bà sí pápákọ̀ àtijọ́ tó wà nítòsí, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí á gbọ́ fèrè. A ti fi ṣòfin láàárín ara wa pé tí bàálù bá dé, kí oníkálukú dúró síbi tó wà, tó bá kọjá, kí eré máa lọ. Ó ti wọ̀ wá lára. Kò sẹ́ni tó rántí pé òfin Mafolúkù ni, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. A ò tíì gbá a pẹ́ tí bàálù kan fò kọjá, gbogbo àwa Ọmọ Kọnkéré sì dúró gbagidi bí ère. Àwọn ará Ìkẹjà wò wá, ẹnu yà wọ́n, wọ́n rọra gba àárín wa kọjá, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Kípà wa ṣì nawọ́ sókè, ó ń wo ọ̀run. Ṣé ẹ rò pé a kọ́gbọ́n? Bàálù kejì dé, méjì nínú wa tún dúró. Góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé fún wa, a kò rí ẹyọ kan san.

Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, Búọ̀dá Ráṣídì jókòó sílẹ̀, ó bo ojú. Bàbá Olórí dìde, wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n ní, "Kí ló ṣe yín?"

"Wọ́n ti nà wá, bàbá."

"Mo rí i. Nínà náà pọ̀. Ṣé mo ní kí ẹ nà wọ́n ni?"

Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí pápá.

"Mo ní kí ẹ gbá a. Ẹ gbá a àbí ẹ ò gbá a?"

"A gbá a, bàbá."

Bàbá Olórí yíjú sí ọkùnrin tó fẹ́ kọ́lé náà, wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ẹ má bínú. Ẹ lọ wá ibòmíràn."

Ó gba ìgbà díẹ̀ kó tó yé wa. Lẹ́yìn náà la pariwo, àwa tí wọ́n gbá góòlù mẹ́rin wọlé fún. A gbé kípà wa lé ejìká, a sáré yí pápá ká. Àwọn ará Ìkẹjà dúró pẹ̀lú bàtà wọn lọ́wọ́, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ta ló borí.